Ta Ló Ni Àkàrà?

Ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl, àwọn obìnrin kan máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú agbada epo pupa níwájú wọn. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á wé gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́rùn wọn. Ohun tí wọ́n ń dín ni wọ́n ń pè ní acarajé. Ẹ̀wà ni. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á pò ó títí tí á fi fúyẹ́, kí wọ́n tó máa bù ú sínú epo gbígbóná. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Àkàrà nìyẹn jàre.

Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé e ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwa á ní, "Tiwa ni!" Àwọn ará Bahia á ní tiwọn ni, òfin orílẹ̀-èdè wọn sì wà lẹ́yìn wọn. Àwọn Haúsá ń dín in, kosai ni wọ́n ń pè é. Ní Gánà, koose ni, wọ́n sì ń fi mu ẹ̀kọ láàárọ̀ bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ní Freetown, akara ló ń jẹ́ gan-an. Àwọn kan tún wà tó sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni gbogbo wa ti kọ́ ọ, torí pé falafel tí wọ́n ń jẹ ní ilẹ̀ wọn jọ ọ́.

Ìjà jollof ti kọ́ ìran tiwa yìí bí wọ́n ṣe ń ja irú ìjà yìí. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú ti jollof. Nígbà tí mínísítà ìròyìn wa sọ lórí CNN ní 2017 pé Sẹ̀nẹ̀gà ló ń se jollof tó dára jù, a bínú, a rẹ́rìn-ín, a sì gbàgbé. Ti àkàrà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nínú bó ṣe dé ibi tó dé. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè "níbo ló ti wá?" ò fi tó wa. Èyí tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé, tá a bá tiẹ̀ mọ ibi tó ti wá, kí ni ìmọ̀ yẹn fún wa láṣẹ láti sọ, àti láti ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó rọrùn. Ẹ̀wà tá a fi ń dín àkàrà, Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i ní àwọn ibùgbé ayé àtijọ́ ti Kintampo ní Gánà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé ní 3,000 ọdún. Oríṣi ẹ̀wà mìíràn ni àwọn Lárúbáwá fi ń ṣe falafel. Àwọn ará Íńdíà náà ní vada, tí wọ́n ń fi ẹ̀wà tiwọn ṣe, tí wọ́n sì ń dín nínú òróró. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà, tó ní ọlọ, tó ní epo àti ebi, kò sí ohun tó ní kó má dé ibi àkàrà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kí ohun méjì jọra kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì. Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ èyí dáadáa: èèyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí lè yanjú ìṣòro kan náà kí kóòdù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, torí pé ìṣòro yẹn fúnra rẹ̀ ló tọ́ wọn gba ọ̀nà kan náà.

Ti Bahia yàtọ̀, torí pé orúkọ wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé "àkàrà" àti "jẹ" ló pa pọ̀ di acarajé, bí ẹni tó ń polówó ọjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwo kan náà ni abará wà, ẹ̀wà lílọ̀ kan náà tí wọ́n pọ́n sínú ewé tí wọ́n sì sè, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín. Acaçá wọn ni ẹ̀kọ wa. Caruru wọn, ilá ni. Ohun kan lè jọ ohun mìíràn lásán, ṣùgbọ́n odindi ilé ìdáná ò lè ṣèèṣì sọ èdè kan náà. Àwọn èèyàn tó ń sọ èdè yìí ló gbé e dé ibẹ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ti ìtàn ni, a lè pa fáìlì dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tá a sábà máa ń lò lẹ́yìn ìyẹn. A máa ń sọ pé àwọn ará Bràsíl "kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa," tàbí pé wọ́n "jí i lọ." Ta ló kọ́ ta? Ta ló jí kí ni? A ò fi àkàrà ránṣẹ́ sí Bràsíl. Kò sí ìyá kan tó jókòó ní Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ ará Bahia bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀wà. Àwọn obìnrin tó gbé e lọ, wọn ò di nǹkan kan lọ́wọ́. Inú orí wọn ló wà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń wó lọ, tí ogun Òwu àti àwọn ogun tó tẹ̀ lé e ń tú ìlú ká, wọ́n ń kó èèyàn lọ sí etí òkun, sí Àjùdà, sí Àgbádárìgì, sí Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Bahia. Ó di ẹ̀yìn 1850 kí òwò yẹn tó dáwọ́ dúró ní Bràsíl ní tòótọ́, ó sì di 1888 kí òfin tó dá gbogbo ẹrú ibẹ̀ sílẹ̀.

Ta ló tà wọ́n? Ẹ má bínú, a ní láti bi í. Samuel Àjàyí Crowther sọ ìtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀: ní 1821, wọ́n kó o ní Òṣogùn, ọmọdékùnrin ni, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, ó bọ́ sọ́wọ́ olówó kan dé òmíràn kí ó tó dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Kì í ṣe òyìnbó ló mú un nínú oko. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ tó gbé e ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, níbi tí àwọn bíi tirẹ̀ ti ń jẹ́ Akú, tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ èdè wa sì wà nínú èdè Krio títí di òní. Ọkọ̀ tí wọn ò gbà, Bahia tàbí Kúbà ló lọ. Ohun kan náà ló wà lórí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì.

Ibí ni "tiwa ni" ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní wa lára. Ta ni "wa" yẹn? Nígbà tí obìnrin yẹn ń wọ ọkọ̀, kò sọ pé Yorùbá ni òun. Ọ̀yọ́ ni, tàbí Ẹ̀gbá, tàbí Ìjẹ̀ṣà, tàbí Kétu. Nagô ni wọ́n ń pè é nígbà tó dé Bahia. Orúkọ "Yorùbá" fún gbogbo wa lápapọ̀, iṣẹ́ ìwé àti ti ìjọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé e kalẹ̀, Crowther yìí kan náà sì wà lára àwọn tó gbé e. "Àwa" tá à ń fi ń gba àkàrà, ó kéré sí àkàrà lọ́jọ́ orí. Tá a bá sì fẹ́ kí "àwa" yẹn tóbi tó láti gba obìnrin tó wà nínú ọkọ̀, ó ní láti gba ẹni tó tà á náà. A ò lè mú ẹni tó po ẹ̀wà ká fi ẹni tó gba ẹṣin sílẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé à ń le ọ̀rọ̀ jù, oúnjẹ lásán ni. Kì í ṣe oúnjẹ lásán fún àwọn tó dín in. Ní Salvador, àwọn olówó ẹrú máa ń rán àwọn obìnrin jáde láti tajà ní ìgboro. Iye kan wà tí ẹrú gbọ́dọ̀ gbé délé fún olówó rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, tirẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ń fi kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ yẹn tọ́jú owó títí tí wọ́n fi ra ara wọn padà, tàbí tí wọ́n ra ọmọ wọn. Ẹ ronú sí i: àkàrà, acaçá àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé sórí kiri. Àkàrà tá à ń fi mu ògì láàárọ̀ Sátidé, ẹnì kan ti fi san owó orí ara rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tá a fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ kan wà tó ràn wá lọ́wọ́ láti rí èyí kedere. Ẹnì kan lè kọ ètò kọ̀ǹpútà, kó gbé e síta fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹlòmíràn lè mú un, kó máa bá a lọ sí ọ̀nà mìíràn. Fork là ń pè é. Tó bá di ọdún mẹ́wàá, ẹni tó kọ ìlà àkọ́kọ́ lè ti lọ síbi mìíràn. Ẹni tó ń jí lóru láti tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè, ẹni tí kò jẹ́ kó kú, ìyẹn gan-an la máa ń bọ̀wọ̀ fún. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé "ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ." Ó mọ̀. Ó ṣì jẹ́ pé òun ló ń tọ́jú ẹ̀.

Tá a bá fi ojú yẹn wo àkàrà, ọ̀rọ̀ yí padà sí ibi tí a ò rò. Epo pupa ni àwọn ará Bahia ṣì fi ń dín in. Àwa ńkọ́? Òróró ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń lò báyìí, àkàrà elépo ti di ohun tá a máa ń rántí ọjọ́ tí ẹnu bá ń wù wá. Ní Bahia, wọ́n mọ̀ pé àkàrà jẹ́ oúnjẹ Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã. Wọ́n ń gbé e fún un ní ilé òrìṣà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn tó ń tà á sì ń sọ òrìṣà tí wọ́n ń sìn. Mélòó nínú wa ló mọ ohun tó pa Ọya àti àkàrà pọ̀? Ohun tó kù fún wa ni pé bí arúgbó bá kú, wọ́n á dín àkàrà, wọ́n á pín in fún àdúgbò, a ó sì jẹ ẹ́ láìbéèrè ìdí. Àwọn tó ń po ata mọ́ ẹ̀wà pàápàá ò rántí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata náà ti wá, lẹ́yìn tí òyìnbó ti dé ibẹ̀. Àkàrà sọdá òkun lọ, ata sọdá òkun wá. Tí ẹnì kan ní Mẹ́síkò bá dìde pé òun ló ni ata rodo wa, ẹ̀rín la máa rín.

Síbẹ̀, a ò sọ pé ẹni tó ń tọ́jú nǹkan lè ṣe é bó ṣe wù ú. Àpẹẹrẹ fork yẹn náà ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó: ẹni tó mú kóòdù lọ, ó wù ú ló fi mú un. Àwọn obìnrin tá à ń wí, wọn ò yàn láti lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òfin kóòdù ọ̀fẹ́ tó wúlò níbí. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní MIT, o lè mú kóòdù, o lè yí i padà, o lè tà á di olówó. Ohun kan péré ni wọ́n ní kó o ṣe: orúkọ àwọn tó kọ ọ́, má pa á rẹ́.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ bolinho de Jesus. Ní Bahia, àwọn kan lára àwọn onígbàgbọ́ ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ sí í ta acarajé, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ orúkọ tó ní òrìṣà nínú. Wọ́n bọ́ aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní bolinho de Jesus. (Tá a bá ní ká túmọ̀ bolinho yìí sí Yorùbá, àfi ká pè é ní àkàrà náà. Èdè wa ò gbà kó sá lọ.) Inú bí àwọn alákàrà tó ń sin òrìṣà, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn ńlá.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ka èyí, ọmọ ìjọ ni wá tàbí mùsùlùmí. Ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkóríta àdúgbò wa, bóyá ìyá ìjọ ni òun náà. Kò wọ ìlẹ̀kẹ̀, kò pe Ọya. Ṣé ó ti jalè? Lójú tiwa, rárá. Oúnjẹ lè kúrò lọ́wọ́ òrìṣà kó wọ ọwọ́ ẹni tí ebi ń pa, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Àkàrà ti jẹ́ oúnjẹ Ọya, ó ti jẹ́ sàárà mùsùlùmí, ó ti jẹ́ oúnjẹ ọmọ iléèwé nínú búrẹ́dì, kò sì tíì bínú sí ẹnì kankan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí bolinho de Jesus ni pé ìyá yẹn ò pa orúkọ kankan rẹ́. Bó ṣe bá a ló ṣe ń pè é. Ẹni tó bọ́ orúkọ sílẹ̀, tó fi orúkọ tuntun sí i kí oníbàárà má bàa rántí ẹni tó kọ́kọ́ dín in, ìyẹn ti ṣe ju kó tajà lọ. Ó ń sọ pé àwọn obìnrin tó fi oúnjẹ yìí ra ara wọn lómìnira ò sí rí. Òun náà lè jẹ́ tálákà, ọmọ rẹ̀ náà fẹ́ jẹun, a gbà bẹ́ẹ̀. Kó ta àkàrà rẹ̀, kó kọrin ìjọ sí i. Orúkọ nìkan la ní kó fi sílẹ̀.

Ó dùn mọ́ wa pé nígbà tí IPHAN, àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bràsíl, kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní 2005, kì í ṣe àkàrà fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń dín in ni. Wọn ò sọ pé àwọn nìkan ló lè dín ẹ̀wà láyé. Wọ́n ní èèyàn báyìí báyìí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó sì wúlò fún wọn. Nígbà tí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2014 ń bọ̀, ìlànà FIFA lórí ẹni tó lè tajà nítòsí pápá ìṣeré Fonte Nova fẹ́ lé wọn jáde. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ará ìlú fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gba àyè wọn padà.

Ẹ wá fi ìyẹn wé tilé. Alákàrà ìkóríta ń jí ní aago mẹ́rin. Ó ń gbé ẹ̀wà lọ sí ẹ̀rọ, ọjọ́ tí kò bá síná ó ń san owó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Owó ẹ̀wà ń gòkè, àkàrà ń kéré sí i, oníbàárà ń ṣàròyé sí i lórí. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń já a fún un, àwọn tó ń lé ọlọ́jà kúrò létí títì ń dojú agbada rẹ̀ dé. A ò tíì rí kí àwa tó ń pariwo "tiwa ni" sí ará Bahia dìde lọ́jọ́ tí wọ́n da epo rẹ̀ nù. Ìyá yẹn ni "tiwa" tá à ń wí. Òun ló ń jí lóru.

Nígbà tá à ń jiyàn lórí èyí láàárín ara wa, ọ̀kan nínú wa gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí a ò tíì rí yanjú. Ìlànà ìlú Salvador ní kí ẹni tó bá ń ta acarajé ní ìgboro wọ aṣọ àṣà wọn yẹn. Ó ní, ká sọ pé ìyá kan gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, tó gúnlẹ̀ sí Salvador, tó wọ ìró àti bùbá ańkárá rẹ̀, tó gbé agbada kaná, tó ń dín àkàrà bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ó ní kó lọ wọ aṣọ funfun tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ṣé kí ìyá sọ fún un pé ilé òun ni àkàrà ti wá? Àwọn kan nínú wa ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sọ ọ́, kó sì tún bú u díẹ̀. Àwọn yòókù ní kó wọ aṣọ funfun, torí pé àlejò ni, àti pé ẹnì kan ló sanwó aṣọ yẹn kí òun tó dé. Ẹni tó béèrè náà ní kò yẹ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa dá ẹjọ́ yẹn rárá. Kí wọ́n pe àwọn alákàrà tó wà ní ìkóríta náà, kí àwọn àti ìyá yẹn jókòó, kí wọ́n tọ́ àkàrà ara wọn wò, kí wọ́n sọ èyí tó bá ṣeé sọ.